Pípe Èrò Jọ Kò Tó: Ẹ̀kọ́ Láti Inú Eré Ìje Alùpùpù Ìlú Ọba

Kò sí ẹni tó ti ṣe olórí ẹgbẹ́ rí, ìbáà ṣe ẹgbẹ́ òṣèlú, ìbáà ṣe ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́, ìbáà sì ṣe ẹgbẹ́ eléré, tí kò mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni kí a pe èrò jọ, ọ̀tọ̀ ni kí a dá èrò dúró. Ìlù àti ariwo lè pe èrò jọ ní ọjọ́ kan. Ṣùgbọ́n ohun tí yóò mú kí ẹni tó wá lónìí tún wá ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kí ó mú aya rẹ̀ dání ní oṣù tó ń bọ̀, kí ó sì fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ wá ní ọdún tó ń bọ̀, èyíinì kò sí nínú ìlù, bẹ́ẹ̀ ni kò sí nínú ariwo. Àpẹẹrẹ kan wà ní Ìlú Ọba tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lónìí, nítorí pé ó fi ọ̀rọ̀ yìí hàn kedere. Àpẹẹrẹ náà ni eré ìje alùpùpù tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní speedway.

Ó ṣeé ṣe kí ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa má tíì fi ojú rí eré náà rí, nítorí náà ó tọ́ kí á kọ́kọ́ ṣe àlàyé rẹ̀. Pápá rẹ̀ rí bí ẹyin, òkúta tí a lọ̀ wẹ́wẹ́ ni wọ́n sì tẹ́ sí i. Ẹni mẹ́rin ní ń díje lẹ́ẹ̀kan, méjì láti inú ẹgbẹ́ onílé, méjì láti inú ẹgbẹ́ àlejò. Pupa àti búlúù ni àṣíborí àwọn onílé. Funfun àti yẹ́lò ni ti àwọn àlejò. Alùpùpù wọn kò ní bíréèkì rárá, jíà kan ṣoṣo ló ní, epo tí wọ́n ń pè ní methanol ló sì ń mu. Bí okùn tí wọ́n nà sí iwájú wọn bá ti fò sókè, wọn yóò sáré yí pápá ká lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Bí wọ́n bá dé ibi tí ọ̀nà gbé yí, wọn yóò na ẹsẹ̀ òsì síwájú, wọn yóò jẹ́ kí táyà ẹ̀yìn yọ̀ síta, òkúta wẹ́wẹ́ yóò sì máa tú lé àwọn tó wà lẹ́yìn lójú. Ní nǹkan bí ìṣẹ́jú kan, ó ti parí. Ẹni tó ṣe ìkíní gba máàkì mẹ́ta, ìkejì gba méjì, ìkẹta gba ọ̀kan, ìkẹrin sì lọ lọ́wọ́ òfo. Irú eré ìje bẹ́ẹ̀ 15 ló máa ń wà nínú ìdíje láàrin ẹgbẹ́ méjì ní alẹ́ kan.

Ẹ̀yin olùkọ́ yóò fẹ́ràn àṣà kan tó wà láàrin àwọn òǹwòran eré yìí. Olúkúlùkù a máa mú ìwé pélébé kan dání, èyí tí a to orúkọ àwọn eléré sí, pẹ̀lú bírò. Bí ìje kan bá ti parí, gbogbo wọn yóò tẹrí ba, wọn yóò kọ máàkì tí ẹnì kọ̀ọ̀kan gbà sílẹ̀, wọn yóò sì ṣírò rẹ̀. Ọmọ kékeré ń ṣe é, ìyá rẹ̀ ń ṣe é, bàbá àgbà náà ń ṣe é. Bí wọ́n bá padà délé, ìwé náà di ohun ìpamọ́. Wọn kì í sì fi ọgbà ya àwọn alátìlẹ́yìn ẹgbẹ́ kan sọ́tọ̀ kúrò lára ti ìkejì gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe níbi bọ́ọ̀lù. Ibì kan náà ni wọ́n jọ ń dúró sí, wọ́n ń jiyàn, wọn kò sì jà. Eré tí tọkọtaya àti ọmọ lè jọ wò pọ̀ láìsí ìbẹ̀rù, ìṣúra ni. Èyí ló mú kí ọ̀rọ̀ bí èrò rẹ̀ ti ń dínkù jẹ́ ohun tó káni lára.

Láti Australia ni eré náà ti gba òkun kọjá. Ní 1923, ní West Maitland ní ìpínlẹ̀ New South Wales, ọ̀gbẹ́ni Johnnie Hoskins gbé irú ìje yìí kalẹ̀ níbi àfihàn iṣẹ́ àgbẹ̀, ó sì gba ọkàn àwọn ènìyàn. Ní ọjọ́ 19 oṣù kejì ọdún 1928, wọ́n ṣe é ní High Beech nínú igbó Epping, ní ẹ̀yìn ilé ọtí kan tí ń jẹ́ King's Oak. Èrò tó wá pọ̀ kọjá bí àwọn tó pe ìpè náà ti rò lọ. Ní ọdún kejì rẹ̀, 1929, àwọn ẹgbẹ́ ti ń bá ara wọn du líìgì ní àríwá àti ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí yóò fi di 1936, wọ́n ti ń du ipò akọni àgbáyé ní pápá Wembley, Lionel Van Praag ọmọ Australia ló sì kọ́kọ́ gbà á. Ní ọdún mẹ́jọ péré, eré tó bẹ̀rẹ̀ ní ẹ̀yìn ilé ọtí ti dé pápá tó lókìkí jù lọ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kò sí àní-àní pé eré náà mọ bí a ti ń pe èrò.

Lẹ́yìn ogun Hitler ni òkìkí rẹ̀ wá kan gan-an. Àwọn ènìyàn ti rí ìyà, wọ́n ń wá ohun tí yóò mú ọkàn wọn yọ̀, tẹlifíṣọ̀n kò sì tíì wọ ilé tálákà. Ní 1950, ìpele mẹ́ta ni líìgì náà ní. Ṣùgbọ́n bí oṣù bá ti yọ tán, bí yóò ti wọ̀ ló kù. Ìjọba fi owó orí tó wúwo lé tíkẹ́ẹ̀tì eré, kò sì mú un rọrùn fún eré tí ń fi alùpùpù díje bí ó ti mú un rọrùn fún àwọn eré mìíràn. Tẹlifíṣọ̀n bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé láti ojúlé dé ojúlé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1957, Sir Arthur Elvin, ẹni tó jẹ́ òpómúléró ẹgbẹ́ Wembley Lions, kú, ẹgbẹ́ ńlá náà sì kógbá sílé. Ní ọdún kan náà, ìpele mẹ́ta ti di ẹyọ kan ṣoṣo. Àwọn kan sọ nígbà náà pé eré náà ti kú.

Kò kú. Ní 1960, àwọn agbátẹrù kan dá líìgì tuntun sílẹ̀ fún àwọn ìlú tó wà ní ìgbèríko, wọ́n ṣí àwọn pápá tó ti di ahoro, wọ́n sì fi owó díẹ̀ ṣe é. Ní 1965, líìgì tuntun yìí àti ti àtijọ́ parapọ̀ di British League, ẹgbẹ́ 18 ló sì wà nínú rẹ̀. Ohun tó mú èrò padà wá kò fara sin. Eré náà lọ bá àwọn ènìyàn ní ìlú wọn, kò dúró kí wọ́n wá bá òun ní London. Èkejì ni pé àwọn akọni àgbáyé ni àwọn ará ìlú wọ̀nyí ń rí lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ wo Ivan Mauger, ọmọ New Zealand tó gba ipò akọni àgbáyé lẹ́ẹ̀mẹ́fà láàrin 1968 àti 1979. Newcastle ti rí i bí ẹni tiwọn, Belle Vue ní Manchester ti rí i, Exeter ti rí i, Hull náà ti rí i. Ọmọ ilé ìwé ní Exeter lè fi ìwé pélébé rẹ̀ na akọni àgbáyé lọ́wọ́ kí ó bá òun fọwọ́ sí i. Nígbà tí wọ́n du ipò náà ní Wembley fún ìgbà ìkẹyìn ní 1981, àwọn òǹwòran lé ní 90,000.

Kí ló wá dé láti ìgbà náà? Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ọ̀nà mẹ́rin ni a rí tí èrò náà gbà tú, a ó sì mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Èkíní ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀, òun náà ló sì burú jù. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ eré yìí kò ní pápá tiwọn. Ayálégbé ni wọ́n jẹ́ lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ tó ní pápá, lọ́pọ̀ ìgbà àwọn tí ń fi ajá díje. Bí owó ilẹ̀ bá ti gbówó lórí, tí àwọn tí ń kọ́ ilé tà bá sì kan ilẹ̀kùn, ayálégbé yóò di ẹrù rẹ̀. Wọ́n ta pápá Hyde Road tí Belle Vue ń lò ní 1987. Ní 2005, eré náà parí ní Wimbledon, bẹ́ẹ̀ náà ni ní pápá County Ground ní Exeter. Ó kan Reading ní 2008, ó kan Coventry ní ìparí 2016. Ní 2023, ẹgbẹ́ méjì, Wolverhampton àti Peterborough, ló pàdánù pápá wọn ní àkókò kan náà. Líìgì tó ní ẹgbẹ́ 18 ní 1965, ẹgbẹ́ méje ló wà nínú ìpele rẹ̀ tó ga jù lọ ní 2024. Àwọn kan rò pé bí pápá kan bá tì, àwọn èrò rẹ̀ yóò wọ́ lọ sí pápá tó sún mọ́ ọn. Ìrò òfìfo ni. Ẹni tó ti ń bá ẹgbẹ́ Coventry lọ láti kékeré kò ní ìdí kan tí yóò fi máa hó fún Leicester. Ìlú rẹ̀ ló ń hó fún. Bí wọ́n bá gba ìlú lọ́wọ́ rẹ̀, ilé ni yóò jókòó sí.

Èkejì ni pé wọ́n ń tú ẹgbẹ́ ká lọ́dọọdún. Òfin kan wà tó fi ìwọ̀n sí àpapọ̀ agbára àwọn eléré tí ẹgbẹ́ kan lè kó jọ, èyí tí wọ́n ń fi máàkì wọn ti ọdún tó kọjá ṣírò. A kò lè ṣàì sọ pé òfin náà ní ìdí tó dára: kò jẹ́ kí olówó kó gbogbo akọni sí abẹ́ àga rẹ̀ kí àwọn tó kù sì di yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ń ṣe fún òǹwòran. Bí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kan bá gbìyànjú títí wọ́n fi gba ife, máàkì wọn á lọ sókè, wọ́n á kọjá ìwọ̀n, a ó sì ní kí wọ́n lé lára wọn lọ. Ọmọdé tó kọ orúkọ eléré kan sí ògiri yàrá rẹ̀ ní oṣù kẹwàá yóò rí i nínú aṣọ ẹgbẹ́ ọ̀tá ní oṣù kẹta. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ àwọn tí wọ́n ń yá. Bí eléré kan bá fara pa tàbí tí iṣẹ́ mú un lọ sí ilẹ̀ òkèèrè, wọ́n lè yá ti ẹgbẹ́ mìíràn fún alẹ́ kan. Eléré kan náà sì lè máa gun alùpùpù fún ẹgbẹ́ kan ní ìpele òkè àti fún òmíràn ní ìpele ìsàlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan náà. Ta ni kí òǹwòran wá pè ní ẹni tiwa? Ẹgbẹ́ tí a kò mọ ojú àwọn ọmọ inú rẹ̀, ẹ̀wù lásán ni.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ àkókò. Ìje 15 tí ìkọ̀ọ̀kan gba ìṣẹ́jú kan, ìṣẹ́jú 15 ni gbogbo rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ó lè tó wákàtí méjì kí alẹ́ náà tó parí. Katakata ń tún pápá ṣe, omi ni wọ́n ń wọ́n sí i, wọ́n ń dúró de eléré tó ṣubú. Àwọn àgbà tó ti mọ eré náà a máa fi àkókò yìí sọ̀rọ̀, wọ́n á ṣírò máàkì, wọ́n á mu tíì. Ṣùgbọ́n ọmọ tó wá lẹ́ẹ̀kíní á bẹ̀rẹ̀ sí í yán. Bí òjò bá sì rọ̀ púpọ̀, pápá kò ní ṣeé gùn, ẹni tó rìn láti ọ̀nà jíjìn yóò sì padà lọ́wọ́ òfo. Manchester rí ti ara rẹ̀ ní 2016. Wọ́n ti kọ́ pápá tuntun tó dára fún Belle Vue, èrò sì ti pé láti wá ṣí i ní oṣù kẹta, ṣùgbọ́n ojú pápá fúnra rẹ̀ kò dára tó láti gùn, wọ́n sì ní kí gbogbo ènìyàn máa lọ ilé. Pápá náà ti bọ́ sípò lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n ẹni tó wá fún ìgbà àkọ́kọ́ ní irú alẹ́ bẹ́ẹ̀ lè má padà wá mọ́.

Ẹ̀kẹrin ni ọjọ́ tí wọ́n ń ṣe é àti ẹni tí wọ́n ń ṣe é fún. Láyé àtijọ́, ìlú kọ̀ọ̀kan ní alẹ́ tirẹ̀, gbogbo ará ìlú ló mọ̀ ọ́n bí wọ́n ti mọ ọjọ́ ọjà. Nígbà tó yá, líìgì ilẹ̀ Poland borí ti Ìlú Ọba ní owó àti ní òkìkí, òpin ọ̀sẹ̀ ni wọ́n sì ń du tiwọn. Àwọn tẹlifíṣọ̀n náà, láti 1999 tí Sky Sports ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi líìgì náà hàn déédéé, ní ọjọ́ tí wọ́n ń fẹ́. Nígbẹ̀yìn, ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n yàn fún ìpele òkè kí àwọn eléré ńlá lè ráyè wá. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin náà ẹ gbà wá ní ìmọ̀ràn: ọmọ wo ló lè jókòó sí pápá títí di aago mẹ́wàá alẹ́ ọjọ́ Ajé, kí ó sì jí lọ sí ilé ìwé ní ọjọ́ kejì? Láti wu eléré àti tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ti pa ọmọdé tó yẹ kó di òǹwòran ọ̀la tì.

A kò gbàgbé pé àwọn kan yóò sọ pé ìṣòro náà kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, pé ayé ló yí, pé àwọn ọ̀dọ́ ìsinsìnyí kò fẹ́ eré ìje alùpùpù mọ́. Bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, báwo ni ti Poland ṣe jẹ́? Ní ìlú Toruń, wọ́n ṣí pápá ńlá kan tí wọ́n kọ́ fún eré yìí gan-an ní 2009, èyí tó lè gba nǹkan bí ẹgbẹ̀rún 15 òǹwòran. Níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ìgbìmọ̀ ìlú ló ń ti eré náà lẹ́yìn, nítorí pé wọ́n kà á sí ohun ìyì ìlú. Ní Ìlú Ọba pàápàá, ẹ wo Cardiff, níbi tí wọ́n ti ṣe ìdíje àgbáyé fún ọ̀pọ̀ ọdún láti 2001, tí àwọn òǹwòran sì lé ní 40,000 ní àwọn ọdún kan. Ẹ sì wo Oxford. Eré náà kú níbẹ̀ ní 2007, pápá fúnra rẹ̀ sì tì ní ìparí 2012. Ṣùgbọ́n wọ́n tún un ṣí ní 2022, alùpùpù sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún níbẹ̀ lẹ́yìn ọdún 15. Ìfẹ́ eré náà wà. Ohun tó kù ni pé kí ẹni tó ti lọ sí Cardiff rí mọ ọ̀nà pápá ìlú tirẹ̀.

Kí ni àwọn tí eré náà wà lọ́wọ́ wọn lè ṣe? Lójú tiwa, ilẹ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ wá. Ẹni tó ń gbé inú ilé onílé kò lè gbin igi ọsàn. Níbi tí ìgbìmọ̀ ìlú bá ti lè ní ọwọ́ nínú pápá, bíi ti Manchester, kí wọ́n lọ bá wọn sọ̀rọ̀. Níbi tí àwọn alátìlẹ́yìn bá ti lè dá owó jọ, kí a fún wọn ní ìpín nínú ẹgbẹ́. Lẹ́yìn èyí, kí wọ́n tún òfin ìwọ̀n ṣe, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lè dá eléré méjì tàbí mẹ́ta dúró fún ọdún púpọ̀, pàápàá àwọn tí a tọ́ ní ìlú náà, láìka ohun tí máàkì wọn dà. Kí wọ́n dá alẹ́ tí ọmọ ilé ìwé lè wá padà. Bí katakata bá sì wà lórí pápá, kí wọ́n fi àkókò náà fún àwọn ọmọdé láti gun alùpùpù kékeré níwájú èrò, nítorí pé ọmọ tí ẹgbẹ́ rẹ̀ wà lórí pápá kì í yán.

Ẹ̀kọ́ tó jinlẹ̀ jù lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí ti Coventry wá. Wọ́n ti pápá wọn ní 2016, wọ́n fẹ́ fi ilé kún un. Àwọn alátìlẹ́yìn ẹgbẹ́ náà kò tú ká. Láìsí eré, láìsí eléré, láìsí ife kan tí wọ́n ń lépa, wọ́n ń ṣe ìpàdé, wọ́n ń kọ ìwé sí ìgbìmọ̀, wọ́n ń lọ jẹ́rìí níwájú àwọn aláṣẹ. Ní 2022, ìgbìmọ̀ agbègbè Rugby, tí pápá náà wà lábẹ́ rẹ̀, kọ̀ láti fi àṣẹ sí ilé kíkọ́ náà. Ẹ jẹ́ kí á bi ara wa léèrè ohun tó dá irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ dúró. Kì í ṣe ìpolówó, kì í sì í ṣe tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́. Nígbà tí pápá wà, wọ́n ní iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀: wọ́n ń kọ máàkì, wọ́n ń ta ìwé, wọ́n ń tún pápá ṣe, wọ́n ń kó ara wọn wọ ọkọ̀ lọ sí ìlú mìíràn. Ẹni tó ní iṣẹ́ nínú ẹgbẹ́ kì í ṣe òǹwòran mọ́, onílé ni.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sí àyà. Ẹgbẹ́ tí ń rántí àwọn ènìyàn rẹ̀ kìkì ní ọjọ́ ìdìbò dà bí eré tí ń pe èrò sí ìdíje ńlá lẹ́ẹ̀kan lọ́dún tí pápá ìlú wọn sì wà ní títì. Ẹgbẹ́ tí ń pààrọ̀ olùdíje lálẹ́ ọjọ́ kan, tí ọmọ ẹgbẹ́ kò fi mọ ẹni tó jẹ́ tiwọn, kò yẹ kó bínú bí wọ́n bá jókòó sílé. Ẹ̀yin olùkọ́ sì mọ̀ pé ọmọ tí a fún ní iṣẹ́ nínú kíláàsì ni kì í pa ilé ìwé jẹ. Àwọn baba wa ní àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ṣùgbọ́n kí ọwọ́ tó lè jọ, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fún ìka kọ̀ọ̀kan ní àyè tirẹ̀. Bí àwọn tí ń ṣe àkóso eré ìje alùpùpù Ìlú Ọba bá lè rántí èyí kí pápá tó kù tó di ilé, èrò yóò tún pé. Bí wọ́n bá gbàgbé rẹ̀, ìpolówó tó dùn jù lọ láyé kò ní gbà wọ́n.